Ọmọ Ajá Inú Tẹ́ńpìlì Karùn-ún

Bí Thanom bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, kò sóhun tí èèyàn lè sọ tí kò ní í sọ pé òun mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Bí o bá ní òjò fẹ́ rọ̀, yóò ní irọ́ ni. Bí o bá ní ebi ń pa ọ́, yóò ṣàlàyé fún ọ pé kì í ṣe ebi, òùngbẹ ni. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sínú oko ìrẹsì ṣe, ní ìgbèríko Nakhon Pathom. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rò pé òun mọ gbogbo iṣẹ́ yòókù.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lamduan ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé. Kachon ń gẹ irun, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì tán tí atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a kó sínú píkọ́ọ̀pù Thanom, wọn a lọ kí Búdà ní tẹ́ńpìlì mẹ́sàn-án. Lọ́dún yìí, Lamduan ló yan ọ̀nà. Wọn yóò gba Ayutthaya àti Lopburi, wọn yóò la àárín oko kọjá lọ sí Sukhothai, wọn yóò sì parí rẹ̀ sí Si Satchanalai. Ìyá rẹ̀ ti kú lóṣù kẹfà, ó sì fẹ́ kí gbogbo láádá ìrìn náà jẹ́ ti ìyá rẹ̀.

"Mẹ́sàn-án ni o," Lamduan sọ fún wọn láàárọ̀ tí wọ́n ń gbéra, bó ṣe ń di ìrẹsì àti ẹran sísun sẹ́yìn ọkọ̀. "Kì í ṣe méje, kì í ṣe mẹ́jọ. Tá a bá ti bẹ̀rẹ̀, a ò gbọdọ̀ dá a dúró lágbedeméjì. Ẹni tínú bá ń run, kó dì í mú."

"Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ńkọ́?" Kachon bi í.

"Kóun náà dì í mú."

Thanom ní tí wọ́n bá fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ìtọ̀, kí wọ́n lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó ṣáná sí ọkọ̀, wọ́n sì gbéra.

Ayutthaya ni wọ́n ti kí mẹ́ta àkọ́kọ́, láàárín ògiri bíríkì pupa tí ogun ti wó láyé àtijọ́. Lamduan lẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ère ní orúkọ ìyá rẹ̀. Kachon ya fọ́tò ara rẹ̀ níwájú àwọn ère tí kò lórí, ó ní àwọn nìkan ni oníbàárà tí òun kò lè gẹ irun fún. Nígbà tí wọ́n dé Lopburi lọ́jọ́ kejì, ọ̀bọ kan já fìlà gbà lórí rẹ̀, ó sì gbé e gun orí wáyà iná. Lamduan ní yẹ̀yẹ́ tó ń fi ère ṣe ní Ayutthaya ló fà á.

Lopburi yìí náà ni táyà ẹ̀yìn ti jò. Àwọn méjì yòókù ti wọ tẹ́ńpìlì kẹrin lọ, wọ́n ń jó tùràrí lọ́wọ́. Thanom nìkan ló wà nídìí ọkọ̀ nígbà tí sípánà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí irin sì ya àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti ń tú ẹ̀rọ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kí táyà lásánlàsàn wá ya á lọ́wọ́! Ó fi àkísà nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n dé tẹ́ńpìlì karùn-ún, kékeré kan láàárín oko, lẹ́bàá ọ̀nà Nakhon Sawan. Ìyá àgbà kan tó fárí, tó wọ aṣọ funfun, ń gbálẹ̀ níwájú rẹ̀. Bualoi lorúkọ rẹ̀, inú tẹ́ńpìlì náà ló ń gbé. Ọmọ ajá mẹ́rin wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹnìkan tó gun alùpùpù ló kó wọn wá dà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn: ajá tí wọn kò bá fẹ́ nílé, ó di ti àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó ń gbé inú tẹ́ńpìlì.

Mẹ́ta nínú wọn ń ṣeré. Ẹ̀kẹrin dá dúró, dúdú ni, ọrùn rẹ̀ funfun. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí ò jẹun láti àná," Bualoi wí. "Omi gan-an, kò fẹnu kàn án."

"Ó ń ṣàárò ìyá ẹ̀ ni," Lamduan dáhùn. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ máa ṣomi. Ó mú ẹran sísun kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ ajá náà.

Ọmọ ajá náà kò wo ẹran. Ọrùn ọwọ́ Lamduan ló gbá mú, kò sì fi í sílẹ̀. Lamduan figbe ta. Kachon ti wọ inú tẹ́ńpìlì lọ ní tirẹ̀, Thanom ló wà nítòsí. Ó sáré dé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ẹnu ọmọ ajá náà, ó sì ya ẹnu rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n ṣe rí ọwọ́ Lamduan gbà nìyẹn. Ojú eyín mẹ́rin wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ Thanom náà kún fún itọ́. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Na ọwọ́ ẹ síbí," ó sọ fún Lamduan.

Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá ojú eyín náà lẹ́ẹ̀mẹta, pá, pá, pá.

"Yéè! Thanom! Ṣé ajá ló bù mí jẹ ni àbí ìwọ?"

"Farabalẹ̀. Bí ìyá àgbà mi ṣe ń ṣe é nìyí. Bàtà ló ń lé oró ẹ̀ jáde." Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó mú ìgò omi ẹja tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì, ó sì dà á sórí egbò náà. Lamduan fò sókè.

Kachon jáde, ó wo ọwọ́ náà, ó fi imú fa òórùn rẹ̀. "Ó ku ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata," ó ní, "ká kúkú bu ìrẹsì sí i, ká jẹ ẹ́."

"Ṣé a ò ní lọ fi han nọ́ọ̀sì?" Lamduan bi wọ́n. "Tó bá jẹ́ dìgbòlugi ńkọ́?"

Thanom rẹ́rìn-ín. "Dìgbòlugi wo? Ìgbà ooru ni dìgbòlugi ń ṣe ajá. Ìgbà òtútù la wà yìí. Ọmọ oṣù méjì sì ni, ibo ló ti rí i kó? Ajá tó bá ya dìgbòlugi, wàá mọ̀. Á máa sá kiri, á ti ki ìrù bọ abẹ́. Èyí ò lè rìn dáadáa gan-an."

Gbogbo ohun tó sọ yìí, kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni tó ka ìwé rẹ̀, Lamduan sì ń ronú tẹ́ńpìlì mẹ́rin tó kù. Ó fi gèlè kékeré kan wé ọwọ́, wọ́n sì kọjá lọ.

Ní tẹ́ńpìlì kẹfà, wọ́n bá èrò. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn ti tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi àjàgbọn, wọ́n ń gún àwọn ajá àdúgbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn kan fi okùn fa ajá wá, àwọn kan gbé ológbò sínú àpò ajílẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Nọ́ọ̀sì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Orathai lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, láti ilé ìlera abúlé náà. Lamduan dúró níwájú rẹ̀ láti béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó.

Orathai gbé imú sókè. "Ẹ má bínú, Màmá. Kí ló ń rùn bí omi ẹja lára yín?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Ọmọ ajá kékeré kan ló gé mi jẹ. Kò tó nǹkan."

Nọ́ọ̀sì náà dìde. Ó tú gèlè náà, ó wo ojú eyín mẹ́rin, ó sì wo bí àyíká rẹ̀ ṣe wú. "Ta ló fi bàtà gbá a?"

Kachon fi ìka han Thanom. "Dókítà wa nìyí. Bàtà ni abẹ́rẹ́ ẹ̀."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń rí bàtà yìí," Orathai wí, kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, tí itọ́ ajá bá wà lójú egbò tẹ́ ẹ wá gbá a, inú lẹ̀ ń gbá a sí. Kì í jáde. Omi ẹja náà ò pa á. Ẹ máa bọ̀."

Ó mú Lamduan lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó fi ọṣẹ fọ egbò náà, ó jẹ́ kí omi máa ṣàn sórí rẹ̀, ó tún fi ọṣẹ sí i. Kachon rò pé ó ti tó. Orathai wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lòun fẹ́.

Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń bi wọ́n léèrè. Ọmọ ajá náà ńkọ́, ṣé ó ń jẹun? Kò jẹun. Ṣé ó ń mu omi? Kò mu. Ṣé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀? Ó ń dà.

"Ọmọdé ajá ni," Thanom dá sí i. "Òtútù ló mú un."

"Bàbá, ọmọ ajá ń kó dìgbòlugi lára ìyá ẹ̀ tàbí lára ajá mìíràn tó bá gé e jẹ. Kò sì sóṣù tí kì í jà. Ìgbà òtútù, ìgbà òjò, ìgbà ooru, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀." Ó yíjú sí Lamduan. "Màmá, ẹ máa lọ sí ọsibítù ìlú báyìí. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n á gún yín lápá, wọ́n á sì gún oògùn mìíràn sí ojú egbò yẹn gan-an, torí pé ó ti ṣẹ̀jẹ̀."

Lamduan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Nọ́ọ̀sì, mo ti ṣèlérí. Ti ìyá mi ni. A ò gbọdọ̀ padà sílé kí mẹ́sàn-án tó pé."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ padà sílé? Ẹ gba àkọ́kọ́ lónìí. Ọjọ́ mẹ́ta sí òní, ẹ gba ìkejì ní ìlú tẹ́ ẹ bá wà. Gbogbo ọsibítù ló ń gún un. Ẹ ṣáà mú káàdì tí wọ́n bá fún yín dání, ẹ má sì fo ọjọ́ kankan títí yóò fi pé."

Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n ní ìbéèrè tí Thanom ti ń bẹ̀rù láti ẹ̀ẹ̀kan. "Ta ló tún fọwọ́ kan ẹnu ọmọ ajá náà?"

"Èmi kọ́ o," Kachon sọ. "Inú tẹ́ńpìlì ni mo wà."

"Thanom ló ya ẹnu ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi," Lamduan dáhùn.

"Bàbá, ṣé ọgbẹ́ kankan wà lọ́wọ́ yín? Tó bá kéré gan-an ńkọ́? Itọ́ tó bá kan ojú ọgbẹ́, bí ìgbà tó géni jẹ ló rí. Bó bá ta sójú ẹni tàbí sẹ́nu, ọ̀kan náà ni."

Thanom ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò. "Kò sí."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

"Mo ní kò sí."

Ajá méjì kọlu ara wọn lábẹ́ igi àjàgbọn, wọ́n sì ké pe nọ́ọ̀sì kó wá ran àwọn lọ́wọ́. Ó gba nọ́ńbà fóònù Lamduan, ó ní òun yóò pe tẹ́ńpìlì karùn-ún kí wọ́n ti ọmọ ajá náà mọ́, kí wọ́n má pa á, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó tún yíjú padà sí Thanom kí ó tó lọ. "Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa." Thanom ṣan ọwọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ jẹun, ó sì lọ jókòó sídìí ọkọ̀.

Kí ló dé tó fi purọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ojú tì í, nítorí ọgbẹ́ táyà. Ojú tún tì í, nítorí bàtà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ajá gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Thawon jẹ. Láyé ìgbà yẹn, àyíká ìdodo ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà, lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń di Thawon mú. Thanom ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ, ó ti ní ọmọ ọmọ, síbẹ̀ bó bá ń wẹ̀, kì í fọwọ́ kan ìdodo rẹ̀.

Ní ọsibítù, nígbà tí wọ́n ń gún Lamduan lójú egbò, igbe rẹ̀ jáde dé ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ìyẹn ló ba ti Thanom jẹ́ pátápátá. Ó pinnu pé òun kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n kí tẹ́ńpìlì keje ní Kamphaeng Phet. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n wà ní Sukhothai, níbi tí òṣíbàtà ti bo gbogbo adágún àárín ìlú àtijọ́. Kachon háyà kẹ̀kẹ́, ó sì ṣubú lórí rẹ̀. Lamduan wọ ọsibítù, ó jáde kí wọ́n tó mu kọfí tán.

"Apá lásán ni wọ́n gún," ó ní. "Èèrà ta mí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Thanom gbọ́ ọ. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti lo ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ṣòro láti gbé jáde. Àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti san. Ojú rẹ̀ ti pàdé, kò wú, kò dùn ún. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ nǹkan gidi ni, ọgbẹ́ náà ì bá ti bàjẹ́. Kò mọ̀ pé dìgbòlugi kì í bá ojú ọgbẹ́ jà. Ó máa ń gba inú iṣan lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi dé ọpọlọ, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lójú ọ̀nà.

Wọ́n kí tẹ́ńpìlì kẹjọ. Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí ajá gé Lamduan jẹ, wọ́n ń lọ sí Si Satchanalai láti kí ìkẹsàn-án. Oko ìrèké wà lápá kan, ewé igi tíìkì ń já bọ́ lápá kejì. Fóònù Lamduan dún. Orathai ni. Lamduan gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Màmá, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ gba ìkejì?"

"Mo gbà á, ọmọ mi."

"Ó dáa. Ọmọ ajá náà kú lọ́jọ́ kejì. A fi orí ẹ̀ ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò, èsì sì dé láàárọ̀ yìí. Dìgbòlugi ni. Bualoi, ìyá àgbà inú tẹ́ńpìlì yẹn, àti mọ́ǹkì méjì tó ń gbé e ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ti bẹ̀rẹ̀ tiyín, ẹ má bẹ̀rù, ẹ ṣáà parí ẹ̀. Bàbá tó ya ẹnu ajá náà ńkọ́? Mo tún fẹ́ bi wọ́n."

"Ó wà níbí, ó ń wakọ̀," Kachon wí.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọgbẹ́?"

"Kò sí," Thanom dáhùn. Ohùn rẹ̀ kéré. Orathai dágbére, fóònù sì kú.

Lamduan pa ojú dé. "Ọpẹ́ ni pé èmi nìkan ni," ó ní. "Ká ní ó kan ẹ̀yin méjì nítorí tèmi, kí ni ǹ bá sọ fún àwọn ará ilé yín?"

Wọ́n wọ Si Satchanalai. Tẹ́ńpìlì kẹsàn-án yọ lókè, òkúta pupa, àtẹ̀gùn gíga. Thanom dúró níwájú ẹnu ọ̀nà, kò pa ọkọ̀. Lamduan ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òdòdó àti wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìkẹyìn. Kachon ti ń nara. Thanom ò kúrò lójú kan.

"Ọ̀gá dírẹ́bà, ṣé a fẹ́ gbé ọ gun àtẹ̀gùn ni?" Kachon bi í.

"Irin ti ya mí lọ́wọ́ ní Lopburi," Thanom sọ. "Nígbà tí mò ń pààrọ̀ táyà. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni."

Ó la ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò náà hàn wọ́n. Ilà pupa tín-ín-rín kan ló kù níbẹ̀. "Inú ẹnu ọmọ ajá náà ló wọ̀. Mo mọ̀ nígbà tí mò ń sọ pé kò sí. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló bà mí."

Lamduan wo òkè tẹ́ńpìlì náà lẹ́ẹ̀kan. Ó da òdòdó padà sínú ọkọ̀.

"Sún," ó sọ fún Thanom. "Kachon, ìwọ lo máa wakọ̀."

"Lamduan, ìkẹsàn-án ló kù yìí. Jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́..."

"Mo ní kó o sún! Ìyá mi ti kú, ìwọ ò tíì kú. Òpònú ọkùnrin!" Ó ń sunkún, ó ń gbá a léjìká. Thanom sún. Láti ọdún tó ti ra ọkọ̀ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹlòmíràn máa wà á.

Dókítà ọsibítù ìlú náà kéré lọ́jọ́ orí, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó tẹ́tí sí gbogbo ọ̀rọ̀ Thanom láti táyà títí dé fóònù, kò dá a lẹ́kun.

"Ṣé ó ti pẹ́ jù?" Lamduan bi í.

"Ó ti pẹ́, àmọ́ kò tíì pẹ́ jù. Lónìí la máa bẹ̀rẹ̀."

Thanom gbé ọwọ́ lé ikùn. "Dókítà, ṣé ìdodo ni?"

"Ìdodo kẹ̀? Bàbá, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tá a ti fi ìyẹn sílẹ̀. Apá ni. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kì í sì í ṣe lójoojúmọ́. Èyí tá a máa gún síbi àtàǹpàkò yẹn máa dùn yín, mi ò ní purọ́ fún yín." Ó ń wọ ìbọ̀wọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá síbí. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wọlé. Ajá ti ha á léèékánná ní oṣù méjì ṣáájú, kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ó mú ife omi dání. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó bá ti gbé e súnmọ́ ẹnu, ọ̀fun ẹ̀ á fún pọ̀, gbogbo ara ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó bẹ̀ mí pé kí n gún òun lábẹ́rẹ́. Iye yòówù kó jẹ́, ibi yòówù ká gún un sí. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú fíríìjì yẹn, ẹ wò ó, kò jìnnà síbi tó jókòó. Kò wúlò fún un mọ́. Ọjọ́ kẹrin ló kú, ó ṣì dá wa mọ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó kú."

Thanom wo fíríìjì náà. Ó jẹ́ fíríìjì kékeré kan, funfun, bí irú èyí tí wọ́n ń tọ́jú mílíìkì sí nílé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí dókítà, ó sì di ọwọ́ Lamduan mú pẹ̀lú òsì. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó kígbe, gbogbo ọsibítù gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ibẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti padà lọ kí tẹ́ńpìlì kẹsàn-án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe kò le. Bí ajá, ológbò tàbí ọ̀bọ bá gé yín jẹ, tàbí tó ha yín léèékánná, tàbí tó lá ibi tí ọgbẹ́ wà lára yín, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo aago. Ẹ má fi bàtà gbá a, ẹ má da omi ẹja sí i, ẹ má fi ewé tàbí ìpara kankan dí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sí ọsibítù, ìrìn àjò yòówù kẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà pé. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ṣì lọ. Ọmọ ajá kékeré lè ní dìgbòlugi, lóṣù yòówù nínú ọdún. Bẹ́ ẹ bá mọ ajá náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tì í mọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá kú, ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ẹran ọ̀sìn, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e. Ajá ilé yín, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún.

Bí nọ́ọ̀sì bá sì bi yín pé ta ló tún fọwọ́ kàn án, ẹ sọ òótọ́. Kò sẹ́ni tó máa nà yín. Ẹni tí omi bá ti ń dẹ́rù bà, kò sóhun tí a ní láti fún un mọ́. Kí ó tó débẹ̀, abẹ́rẹ́ wà nínú fíríìjì, apá ni wọ́n sì ń gún un sí.